Àlàájì tí kò kírun fún ogún ọdún: ṣé gbèsè Ọlọ́run ṣe é san tán?

Ojú ti ọkùnrin náà lọ́jọ́ yẹn dé ibi tí ojú ń ti èèyàn dé. Ìsìnkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n lọ. Wọ́n ti wẹ òkú, wọ́n ti fi aṣọ funfun dì í, Lèmọ́mù ti bọ́ síwájú, àwọn èèyàn sì ti tò sẹ́yìn rẹ̀ láti kírun sí òkú lára. Ẹ̀yìn ni Àlàájì máa ń wà nírú ibi bẹ́ẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò rẹ̀, tí yóò máa dáhùn fóònù. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ló kú yìí, wọ́n sì fà á wá sí ìlà àkọ́kọ́. Lèmọ́mù kábárà. Bó ṣe kábárà báyìí, ni Àlàájì bá bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ mú orúnkún méjèèjì. Òun nìkan ló bẹ̀rẹ̀ o! Gbogbo èèyàn dúró ṣánṣán, Àlàájì nìkan ló tẹ̀ kọdọrọ láàárín wọn bí ẹni ń wá owó tó bọ́ sílẹ̀.

Ẹni tó bá ń kírun mọ̀ pé ìrun òkú kò ní rúkúù, kò sì ní ìforíkanlẹ̀. Kábárà mẹ́rin ni, orí ìdúró ni wọ́n sì ti ń ṣe é parí. Ọmọ ilé kéú tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ kéékèèké tó wà lẹ́yìn ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà kò rẹ́rìn-ín ní tiwọn, ṣùgbọ́n wọ́n wo ara wọn lójú.

Ẹ má ṣì í gbọ́ o. Orúkọ lásán ni Àlàájì tí wọ́n ń pe ọkùnrin yìí, kò dé Mẹ́kà rí. Páàtì mọ́tò ló ń tà ní Muṣin. Nígbà tí owó dé, tí agbádá dé, tí mọ́tò ńlá dé, àwọn èèyàn sọ ọ́ ní Àlàájì, òun náà kò sì bá wọn jiyàn. Ó ń dá owó símẹ́ńtì fún mọ́sálááṣí àdúgbò, ó ń ṣe wòlíìmà fáwọn ọmọ rẹ̀, ó sì ń gbààwẹ̀ Ràmàdáánì pẹ̀lú ìdílé rẹ̀. Ìrun gan-an ni kò kí. Àtìgbà tó ti kúrò lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn tó wá sí Èkó ló ti já a jù sílẹ̀.

Irú rẹ̀ kò sì wọ́n láàárín ìgboro. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni wọ́n ti ń jáde nílé kí gosílóò má bàa ká wọn mọ́ orí bíríjì, Àsùbáà lọ nìyẹn. Tó bá di Áyílà, oníbàárà ń bẹ níwájú. Tó bá di Àlàásárì, wọ́n ń ka owó ọjà. Inú mọ́tò ni Mọ́gàríbì ń bá wọn, tí wọ́n bá sì délé, oúnjẹ àti oorun ló kù. Wọ́n á ní ó di ọ̀la. Ọ̀la yẹn ló di ọ̀sẹ̀, ló di oṣù, ló di ogún ọdún.

Lóru ọjọ́ tí wọ́n sìnkú náà, Àlàájì kò lè sùn. Ó dìde, ó mú bébà àti ẹ̀rọ ìṣirò. Ìyàwó rẹ̀ ta jí.

"Bàbá Ìbejì, kí lẹ̀ ń ṣírò lóru yìí?"

"Gbèsè ni."

"Ta lẹ jẹ?"

"Ọlọ́run ni."

Ogún ọdún, ọjọ́ 365 nínú ọdún kan, ọjọ́ 7,300 nìyẹn. Ìrun márùn-ún lójúmọ́, ó di ìrun 36,500. Nígbà tí Àlàájì rí iye yẹn, ó da bébà náà dojú bolẹ̀. Ó ní bí òun bá fi tọ̀sántòru kírun, òun kò lè san án tán láyé. Ibi tí èṣù ti ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn gan-an nìyẹn. Ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ kọ́ ló ń pa wọ́n, pípọ̀ tó pọ̀ ló ń já wọn láyà, wọ́n á ní níwọ̀n ìgbà tó ti bàjẹ́, kó kúkú bàjẹ́ lọ.

Ìyá Ìbejì kò bá a sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fa ìwé kékeré kan yọ lábẹ́ aṣọ rẹ̀ nínú àpótí, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Ọjọ́ ààwẹ̀ tóun náà jẹ ló wà níbẹ̀: èyí tó bọ́ nígbà nǹkan oṣù, èyí tó bọ́ nígbà tó ń fọ́mọ lọ́yàn. Ó ń sàmì sí èyí tó bá ti san. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ ló ń gbà á. Ogún ọdún táwọn méjèèjì ti jọ ń gbé, ọkọ kò mọ̀ rárá. Ó máa ń rò pé ìyàwó òun kàn fẹ́ràn ààwẹ̀ ni.

Lórí ààwẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò le. Àlùkùránì, nínú súúrà kejì, fi àyè sílẹ̀ fún aláìsàn àti arìnrìn-àjò pé kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sì san iye ọjọ́ náà padà lásìkò mìíràn. Obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù yóò san ààwẹ̀, kò ní san ìrun. Àísátù, ìyàwó Ànábì, ló ṣàlàyé èyí, òun fúnra rẹ̀ sì máa ń san tirẹ̀ títí di oṣù Ṣáábánà tó ṣáájú Ràmàdáánì mìíràn. Ẹni tó bá ní ààwẹ̀ lọ́rùn, tó sì ń fòní dónìí fọ̀la dọ́la títí Ràmàdáánì mìíràn fi dé láìní ìdí, àwọn ọmọlẹ́yìn Málíkì ní yóò san án, yóò sì tún bọ́ tálákà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ jẹun lọ́sàn-án gangan láìṣàìsàn, ti onítọ̀hún tún le lọ́dọ̀ wọn: yóò san ọjọ́ náà, ìtánràn tún wà níbẹ̀, bíi kó gbààwẹ̀ oṣù méjì láìdáwọ́dúró tàbí kó bọ́ ọgọ́ta tálákà.

Ti ìrun ló wá di àríyànjiyàn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ọ̀rẹ́ Àlàájì nílé ọjà ní ọ̀rọ̀ náà kò tó nǹkan. Wọ́n ní kó yáa san owó Mẹ́kà, pé bó bá ti dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò padà wá bí ọmọ tuntun, yóò sì kúkú di Àlàájì lóòótọ́. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ ọn nínú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì gbà á gbọ́. Lóòótọ́, Hájì tí Ọlọ́run bá gbà ń fọ ẹ̀ṣẹ̀ dànù. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ṣàlàyé pé ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tọ̀, gbèsè ọ̀tọ̀. Ẹni tó jẹ sàká ọdún mẹ́wàá, tó bá lọ sí Mẹ́kà tó dé, gbèsè sàká náà ń dúró dè é nílé. Ẹni tó jẹ aládùúgbò rẹ̀ lówó, Mẹ́kà kò san án.

Àáfáà kan tó jẹ́ ọ̀dọ́, tó kàwé nílẹ̀ Lárúbáwá, ni Àlàájì kọ́kọ́ lọ bá. Ìyẹn ní kó má ṣèyọnu, kò sí ohun tó fẹ́ san. Ó ní onímọ̀ ńlá bíi Ibn Hazm tó kú lọ́dún 1064 àti Ibn Taymiyya tó kú lọ́dún 1328 ti sọ pé ìrun tí èèyàn bá mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ títí àsìkò rẹ̀ fi kọjá, kò ṣe é san mọ́. Gbogbo ìrun ló ní àsìkò tirẹ̀, bí ìlẹ̀kùn bá ti tì, ó ti tì. Kó ronú pìwà dà dáadáa, kó bẹ̀rẹ̀ lónìí, kó máa kí nọ́fílà lọ́pọ̀lọpọ̀.

Inú Àlàájì dùn, ara fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ló bá gba ọ̀dọ̀ àáfáà àgbà lọ.

"Àlàájì, ẹ jókòó."

"Àáfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí ní Àlàájì mọ́. N ò dé ibẹ̀ rí."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Túúbá yín ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Bàbá kò bú àáfáà kékeré o. Ó ní ọ̀rọ̀ tó sọ wà nínú ìwé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn onímọ̀, àwọn ọmọlẹ́yìn Abu Hanifa, Málíkì, Sháfí'ì àti Ahmad, ohun tí wọ́n gbà ni pé sísan ni. Ó ní Ànábì sọ pé ẹni tó sùn tàbí tó gbàgbé, kó kírun nígbà tó bá rántí. Bí ẹni tó sùn bá ní láti san, ẹni tí ojú rẹ̀ là sílẹ̀ kedere ńkọ́? Ó ní nígbà ogun Kòtò ní Mẹ̀dínà, lọ́dún 627, ogun kò jẹ́ kí Ànábì ráyè kí Àlàásárì títí oòrùn fi wọ̀. Kò ní ó ti lọ. Ó ṣe àlùwàlá, ó kí Àlàásárì, ó tó wá kí Mọ́gàríbì.

"Àáfáà, 36,500 ni o!"

"Mo gbọ́. Ta ló ní kẹ́ ẹ san án lálẹ́ yìí?"

Bàbá mú ìwé kékeré Al-Akhdari, ìwé òfin ìsìn ti ọ̀nà Málíkì. Ó ní ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá ń san ìrun ọjọ́ márùn-ún lójúmọ́, a kò lè pè é ní ọ̀lẹ. Tí Àlàájì bá lè ṣe ìyẹn, ọdún mẹ́rin péré ló máa fi san ti ogún ọdún tán. Bó bá jẹ́ ti ọjọ́ méjì ló lè san lójúmọ́, ọdún mẹ́wàá ni. Kò gbọdọ̀ fi nọ́fílà rọ́pò rẹ̀, kó kọ́kọ́ san gbèsè ná. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

"Bí mo bá wá kú kí n tó san tán ńkọ́?"

Bàbá rán an létí ọkùnrin ayé àtijọ́ tí Ànábì sọ ìtàn rẹ̀, tó pa èèyàn 99, tó bi olùjọsìn kan bóyá túúbá wà fóun. Ìyẹn ní kò sí, ló bá pa òun náà, ó di 100. Onímọ̀ kan ló wá sọ fún un pé túúbá wà, kó kúrò nílùú burúkú tó wà, kó lọ sílùú àwọn ẹni rere. Ojú ọ̀nà ló kú sí. Nígbà tí wọ́n wọn ilẹ̀, wọ́n rí i pé ó fi díẹ̀ sún mọ́ ìlú rere ju ìlú burúkú lọ, Ọlọ́run sì ṣàánú rẹ̀. "Ẹ ṣáà jẹ́ kí ikú bá yín lójú ọ̀nà," bàbá ló wí bẹ́ẹ̀.

Àlàájì ti fẹ́ dìde. Bàbá ní kó jókòó, pé ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Ó ní nǹkan mẹ́ta ni túúbá láàárín èèyàn àti Ọlọ́run: kó dẹ́kun ẹ̀ṣẹ̀ náà, kó dùn ún tọkàntọkàn, kó sì pinnu pé òun kò padà síbẹ̀ mọ́. Bó bá kan ẹ̀tọ́ ẹlòmíì, ó di mẹ́rin: kó dá ohun olóhun padà.

"Ta lẹ jẹ?"

"N ò jẹ báńkì kankan, Àáfáà."

"Báńkì kọ́ ni mò ń bi yín."

Àlàájì dákẹ́. Òógùn bò ó. Ọdún kẹjọ rèé tí ọmọ kan ti bá a ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́fà nílé ọjà. Ó ku oṣù méjì kó dá ọmọ náà sílẹ̀, jíà mọ́tò kan dàwátì. Àlàájì pè é lólè lójú ọjà, ọmọ náà sùn sí àgọ́ ọlọ́pàá fún ọjọ́ mẹ́ta, ó sì lé e lọ. 85,000 náírà tí ọmọ náà ti ń tọ́jú sí i lọ́wọ́, kò fún un. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n rí jíà náà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó gbà á láwìn. Ìwé tí wọ́n fi gbà á, ọwọ́ Àlàájì fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́! Kò sọ fẹ́nì kan.

Bàbá mí kanlẹ̀. Ó ní iye tó jẹ ni òfin ní kó san, ṣùgbọ́n kó wo ohun tí náírà ti dà láti ọdún kẹjọ. Ó ní ẹni tó dára jù ni ẹni tó ń san gbèsè lọ́nà tó dára jù.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Àlàájì wá ọmọ náà dé Agége. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló ń wà. Ọmọ náà kí i pé, "Ọ̀gá, ẹ káàsán o," kò fi àrífín kún un. Àlàájì kó owó lé e lọ́wọ́, ìlọ́po mẹ́wàá ni. Ó bẹ̀ ẹ́, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ọmọ náà yára gbá a mú.

"Ọ̀gá, mo gba owó yìí, mo sì ti fi jì yín. Àmọ́ ìyá mi kú pẹ̀lú èrò pé olè ni mí."

Àlàájì kò rí nǹkan fọ̀. Inú mọ́tò rẹ̀ ló ti sunkún dé Muṣin.

Nígbà tí àwọn ọlọ́jà ṣèpàdé oṣù, ó dìde láàárín wọn, ó ní ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀. Ó sọ ti jíà, ó sọ ti ìwé, ó ní òun ló ṣìkà, ọmọ náà kò jalè rí. Àwọn kan ní kí ló tún ń wú ọ̀rọ̀ ọdún kẹjọ síta fún. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá ti ba orúkọ èèyàn jẹ́, ibẹ̀ ló yẹ kí wọ́n ti tún un ṣe.

Ó ti pé 150 ọjọ́ báyìí tó ti ń san ìrun ọjọ́ méjì méjì lójúmọ́. Òun náà ti ní ìwé kékeré, ìyàwó rẹ̀ ló rà á fún un. 1,500 ló ti san, ó ku 35,000. Wọ́n ní kò tíì pariwo iye rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí nínú bọ́ọ̀sì, tí Àlàásárì ti pè tí ẹ ń wo aago, Ọlọ́run ti sọ fún àwọn ẹrú rẹ̀ nínú súúrà kọkàndínlógójì pé kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rètí nù nínú àánú òun. Ẹ má ka gbèsè àná títí ti òní yóò fi bọ́ sí i. Ẹ kí ti òní. Lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ rántí ẹni tẹ́ ẹ ṣẹ̀, nítorí Ọlọ́run a máa fojú fo tirẹ̀, ṣùgbọ́n ti èèyàn, olóhun ló ń dárí rẹ̀ jini.