Ọwọ́ àti Ẹsẹ̀ Ni Ọmọ Kékeré Fi Ń Kọ́ Ìwé

Àgbẹ̀ kì í retí iṣu lórí ebè tí kò fi èèbù sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kò tọ́ kí òbí retí ìwé kíkà lẹ́nu ọmọ tí kò mọ ohùn tí lẹ́tà ń dún.

Ní Onígbòǹgbò lẹ́bàá Ìkẹjà, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Èkó, inú òbí a máa dùn bí ọmọ ọdún mẹ́rin bá ka lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì 26 láìsinmi. Ó dára, ṣùgbọ́n orúkọ lẹ́tà ni ọmọ náà mọ̀, kò tíì mọ ohùn wọn. Bí wọ́n bá kọ “bat” síwájú rẹ̀, yóò pe bí, éè, tíì. Kò sì ní lè so wọ́n pọ̀ di ọ̀rọ̀. Nígbà tí ó bá dé kíláàsì kejì, yóò máa wo ẹnu ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí ó tó dáhùn, wọn yóò sì máa pè é ní olódo. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀bi ẹ̀kọ́ ni, kì í ṣe ẹ̀bi orí rẹ̀.

Ọ̀nà tí ó sàn wà. Nínú ẹ̀kọ́ Jolly Phonics, tí ó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ Nàìjíríà sì ń lò, ohùn 42 ni ọmọ ń kọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ìṣe tirẹ̀. Bí ọmọ bá ń pe “s”, yóò máa fi ọwọ́ rìn bí ejò. Ọmọ kékeré kì í lè jókòó pẹ́. Ohun tí ojú, etí àti ọwọ́ rẹ̀ bá sì jùmọ̀ ṣe kì í tètè kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Èdè Yorùbá tilẹ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́tà 25 ni ó ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ju ohùn kan lọ. Kí ọmọ na ọwọ́ sókè fún ohùn òkè, kí ó gbé e sí àyà fún ohùn àárín, kí ó sì fi kan orúnkún fún ohùn ìsàlẹ̀. Nípa báyìí ni yóò fi mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ́ àgbẹ̀, ọkọ̀ ojú títì àti ọ̀kọ̀ ọdẹ. Kí wọ́n kọ bà àti tà sórí ilẹ̀, kí ó fò láti ọ̀kan dé èkejì. Ó ti ka bàtà nìyẹn.

Àwọn kan yóò sọ pé Yorùbá yóò fa ọmọ sẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá.

Àwọn mìíràn yóò wí pé kì í ṣe gbogbo ọmọ Onígbòǹgbò ni ó jẹ́ Yorùbá. Òtítọ́ ni. Kí olúkúlùkù fi èdè ilé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti mọ̀ lẹ́ẹ̀kan pé ohùn ni lẹ́tà ń dúró fún kò ní tún un kọ́ mọ́. Ohun tí yóò kù ni ìyàtọ̀ díẹ̀, bí “p” Yorùbá tí kì í ṣe “p” Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn án.

Ní ọdún 2022 ìjọba àpapọ̀ fi ọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní 2025 wọ́n pa ìlànà náà tì. Òfin a máa yí padà, ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó dí ìyá lọ́wọ́ láti fi ẹfun kọ lẹ́tà méjì sí ẹnu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́, kí òun àti ọmọ rẹ̀ sì jọ fò ó. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́ tó. Ọmọ tí ó bá ṣeré báyìí yóò ka ìwé kí ó tó mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni òun ń kọ́.