Ẹ yé pe ẹni tó ń gbìyànjú láti dín sísanra kù ní ọ̀lẹ

Ọ̀rọ̀ òní máa dun àwọn kan, àmọ́ mi ò ní tìtorí ìyẹn gbé e mì.

Ó tó gẹ́ẹ́! Ẹ yé fi àwọn tó sanra ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ilé Ọlọ́run. Arábìnrin á wọlé, kò tíì jókòó, ẹnì kan á ti pariwo pé, "Ẹ mà tún ti sanra sí i o! Ṣebí ẹ ní ẹ ò jẹ ẹ̀bà mọ́?" Gbogbo èèyàn á rẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín, kí ló tún fẹ́ ṣe? Tó bá délé, á pa ìpinnu ẹ̀ tì. Ẹ̀yin kan náà lẹ máa sọ pé kò ní ìfaradà. Ta ló pa ìfaradà yẹn?

Àwọn kan á ní, "Pásítọ̀, wọ̀bìà ni, ẹ̀ṣẹ̀ sì ni." Ẹ gbọ́: a kì í fi òṣùwọ̀n wọn wọ̀bìà. Ẹni tó tín-ín-rín bí ìgbálẹ̀ lè jẹ́ wọ̀bìà, ẹni tó sanra sì lè má jẹun tó yín. Ìdílé mìíràn wà tó jẹ́ pé àjogúnbá ni. Oògùn mìíràn wà tó ń mú èèyàn sanra. Àìsùn dáadáa náà ń dá kún un.

Àwọn mìíràn ní àjẹ́ ló ń fún un lóúnjẹ lójú oorun. Mo gbà pé ogun wà, mo sì ń gbàdúrà. Àmọ́ ẹ má fi àjẹ́ bo ohun tí àwọn dókítà ti rí. Lọ́dún 2011, àwọn olùwádìí ní Ọsirélíà gbé iṣẹ́ jáde lórí èèyàn 50 tó sanra jù, tí wọ́n dín oúnjẹ kù gidigidi fún ọ̀sẹ̀ 10. Lẹ́yìn ọdún kan, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń pe ebi ṣì ga ju ti tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń sọ fún wa pé a ti yó sì lọ sílẹ̀. Ara rò pé ìyàn ló mú, ó ń jà kó lè gba ohun tó sọ nù padà. Ẹni tí ara ẹ̀ ń bá jà báyìí, tó sì tún dìde, ṣé ọ̀lẹ nìyẹn?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta tíì lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, pé ó ń yọ kílò 10 lọ́sẹ̀ kan, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run! Omi àti ìgbẹ́ lẹ̀ ń fà jáde, kì í ṣe ọ̀rá.

Ààwẹ̀ Jánúárì náà ńkọ́? Ọdọọdún la máa ń gbọ́ ọ: "Ààwẹ̀ yìí ni màá fi dín ara kù." Ọjọ́ 21 láìjẹun títí di ìrọ̀lẹ́, ká wá fi iyán gogoro àti mínírà méjì ṣínu. Kí ó tó di Ọdún Àjíǹde, gbogbo ẹ̀ á ti padà, ẹ ó ní ẹ ti kùnà. Ohun tí kò ṣeé ṣe lójoojúmọ́ lẹ gbé dání, òun ló kùnà. Ojú Ọlọ́run là ń wá nínú ààwẹ̀. Ẹni tó bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, kó rí dókítà kó tó gbààwẹ̀.

Ẹ lọ wo Lúùkù 5. Gbogbo òru ni Pétérù fi ṣiṣẹ́, kò rí ẹja kan. Jésù ò pè é ní ọ̀lẹ. Ó ní kó tún ju àwọ̀n, àmọ́ níbi tó jìn. Adágún kan náà ni, ibi tó jù ú sí ló yí padà.

Torí náà, ẹ má dúró de ìtara. Àlejò ni ìtara, kì í pẹ́ kó tó lọ. Ohun kékeré tẹ́ ẹ lè ṣe lọ́jọ́ tí kò wù yín rárá ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ fi omi rọ́pò mínírà. Ẹ dín ẹ̀bà kù sí ìdajì, kẹ́ ẹ fi ẹ̀fọ́ kún un. Ẹ rìn fún ìṣẹ́jú 30, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Lọ́dún 2002, ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí èèyàn tó lé ní 3,200 tí àtọ̀gbẹ ti sún mọ́. Àwọn tí wọ́n ní kó dín ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara wọn kù, kí wọ́n sì máa lo ara fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, dín ewu àtọ̀gbẹ kù ní ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún. Fún ẹni tó wọn kílò 100, kílò 7 péré nìyẹn! Ó lè má hàn nínú fọ́tò aṣọ ẹbí, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ yín máa mọ̀.

Ẹni tó ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́fà, Òwe 24:16 ń dúró dè ọ́. Dìde.

Ẹ má tíì kọ Àmín sísàlẹ̀ o. Ẹ kọ ohun kan ṣoṣo tẹ́ ẹ máa yí padà lọ́sẹ̀ yìí. Ẹni tó bá sì fẹ́ bú ẹnikẹ́ni níbẹ̀, kó wá bú mi.