Ẹni Tí Ń Ba Omi Ìsun Jẹ́

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn ará ilẹ̀ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ti ń pọn omi ìsun ní ẹsẹ̀ òkè, bí ó ti ń jáde láti inú àpáta, tí ó tutù, tí ó sì mọ́ gaara. Ní Ìkọ̀gòsì, ìsun gbígbóná àti ìsun tútù ń ṣàn pàdé ara wọn, àwọn ènìyàn sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó. Kò sí ẹni tí ó ní làákàyè tí yóò kẹ́gàn irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni omi tí ó wà nínú àpáta, ọ̀tọ̀ ni omi tí ó dé inú ìkòkò. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín méjèèjì ni ó yẹ kí olúkúlùkù baálé ilé rò wò.

Ẹ wo ọ̀pọ̀ ìsun ní òwúrọ̀. Ojú rẹ̀ ti di ihò gbígbòòrò. Ẹnìkan ti ẹsẹ̀ bọ inú rẹ̀. Ọmọdé kan fi igbá tí ó wà ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ bù ú. Ewúrẹ́ mu níbẹ̀, ó sì yàgbẹ́ sí etí rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, ọ̀gbàrá a wọ́ ìgbẹ́ ẹran, ìgbẹ́ ènìyàn àti oògùn tí àgbẹ̀ fi pa koríko sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀. Nígbà tí ó bá ṣe, omi a tòrò, a tún mọ́ gaara, àwọn ènìyàn a sì wí pé kò sí ohun tí ó ṣe é. Ojú kì í ṣe ẹlẹ́rìí tòótọ́ ní ọ̀ràn omi, nítorí àwọn kòkòrò tí ń fa onígbáméjì, ibà táífọ́ọ̀dù àti ìgbẹ́ ọ̀rìn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí wọn.

Àwọn àgbà kan a máa wí pé, “Omi yìí ni àwọn baba wa mu, wọn kò sì kú.” Òótọ́ ni pé àwọn tí ó dàgbà kò kú. Àwọn tí kò dàgbà ńkọ́? Mélòó nínú àwọn ọmọ tí wọ́n pè ní àbíkú, tí wọ́n so ṣaworo mọ́ ní ẹsẹ̀, ni ó jẹ́ pé ìgbẹ́ gbuuru ni ó gbẹ omi ara wọn tán kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́? Ẹnikẹ́ni kò kà wọ́n.

Ẹni tí ó bá rò pé ìwà ènìyàn létí omi kò já mọ́ nǹkan, kí ó rántí sòbìà. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tí ó ní in ní gbogbo Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1980, wọ́n lé ní 650,000. Bí alárùn bá ti ẹsẹ̀ bọ omi adágún, aràn náà a tú ọmọ rẹ̀ síbẹ̀. Àwọn ẹranko wẹ́wẹ́ inú omi a gbé wọn mì. Ẹni tí ó bá mu omi náà yóò rí aràn tirẹ̀ ní nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ tàbí oògùn mímu ni ó ṣẹ́gun rẹ̀. Aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi, kànga tí ó mọ́, oògùn tí wọ́n dà sí adágún, àti ìkìlọ̀ pé kí alárùn má ṣe wọ inú omi, ni ó ṣe é. Ní 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn tí ó ní in ní Nàìjíríà, ní 2013 Àjọ Ìlera Àgbáyé sì jẹ́rìí pé ó ti tán ní ilẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n aṣọ tí ó sẹ́ sòbìà kò tó láti sẹ́ àwọn kòkòrò tí ó kéré jù ú lọ.

Àwọn mìíràn ń dúró de ìjọba kí ó wá gbẹ́ kànga ẹ̀rọ. Kí wọ́n béèrè. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ a máa bàjẹ́, ìsun kì í sì í béèrè epo. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí àwọn ọkùnrin ìlú wa ilẹ̀ dé ibi tí omi ti ń jáde gan-an. Kí wọ́n kó òkúta tí wọ́n ti fọ̀ síbẹ̀, kí wọ́n mọ ògiri sìmẹ́ǹtì sí iwájú rẹ̀, kí wọ́n ki páìpù bọ̀ ọ́, kí wọ́n sì fi amọ̀ tí wọ́n gún dáadáa bo orí rẹ̀. Kí wọ́n la kòtò sí apá òkè, èyí tí yóò darí ọ̀gbàrá gba ibòmíràn, kí wọ́n sì ṣe ọgbà yí i ká nítorí ẹran. Kí ṣáláńgá má ṣe sí ní òkè ìsun, kí ó sì jìnnà sí i tó 30 mítà, ó kéré tán. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọ ìkòkò oògùn oko níbẹ̀. Nígbà náà ni omi yóò ti ẹnu páìpù bọ́ sínú garawa, láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ tàbí igbá kàn án.

Àwọn ọkùnrin ni iṣẹ́ yìí tọ́ sí, nítorí àwọn obìnrin àti ọmọdé ni ó ń ru omi náà. Ẹni tí kò rù ú kò mọ ìwúwo rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kí àwọn obìnrin wà nínú ìgbìmọ̀ tí yóò máa tọ́jú rẹ̀, nítorí àwọn ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ bí ó bá bàjẹ́.

Nílé, kí àmù ní ìdérí, kí ohun tí wọ́n fi ń bù ú ní ọwọ́ gígùn. Títí iṣẹ́ náà yóò fi parí, àti lẹ́yìn rẹ̀ pàápàá bí àrùn bá wà ní àdúgbò, kí wọ́n se omi mímu títí yóò fi hó gidigidi fún ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n sì bò ó títí yóò fi tutù.

Àwọn àgbà wí pé omi kò ní ọ̀tá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ní ẹni tí ń bà á jẹ́, ẹni náà kò sì jìnnà. Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ìlú tí ó bá tọ́jú ìsun rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn, òjò kò ní bá àwọn ọmọ rẹ̀ lórí àìsàn.