Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Iléèwé Fọwọ́ Kan Amọ̀

Iṣẹ́ ọwọ́ mẹ́fà ni ìjọba àpapọ̀ là sílẹ̀ fún àwọn ọmọ girama kékeré nínú ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun ti 2025. Iná oòrùn wà níbẹ̀, aṣọ rírán wà níbẹ̀, títún fóònù ṣe náà wà níbẹ̀. Ìkòkò mímọ kò sí. Ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó yẹ kí ọmọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ ọ́n, tíṣà a máa kọ "amọ̀" sójú pátákó, ọmọ a sì dà á kọ. Ó parí síbẹ̀. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan amọ̀ kò tíì kọ́ nǹkan kan nípa amọ̀.

Ìpínlẹ̀ Kàdúná ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí dùn jù. Ibẹ̀ ni ìlú Nok wà, níbi tí wọ́n ti hú ère amọ̀ tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún méjì. Ní ìpínlẹ̀ yìí kan náà, Samaru tí Yunifásítì Ahmadu Bello wà kò jìnnà sí ìlú Shika. Yunifásítì náà ń kọ́ àwọn àgbà ní iṣẹ́ amọ̀, òun ló sì fi oyè ọ̀mọ̀wé dá amọ̀kòkò Ladi Kwali lọ́lá ní 1977. Ladi Kwali tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn ogún náírà kò jókòó sí kíláàsì kó tó mọ ìkòkò. Láti kékeré ló ti kọ́ ọ lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀, ọwọ́ ló sì fi kọ́ ọ.

Ẹ wo ohun tí ọwọ́ ń kọ́ ọmọ. Á gún amọ̀ gbígbẹ, á jọ̀ ọ́, á fi omi pò ó, á ṣa òkúta wẹ́wẹ́ kúrò, á wá yí i bí okùn, á máa tò ó léra. Bí kò bá jẹ́ kó gbẹ dáadáa kó tó kan iná, á bú gbàù. Ọmọ náà ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn pé omi tó kù nínú amọ̀ di ooru, ó sì ń wá ọ̀nà jáde. Sáyẹ́nsì nìyẹn.

Wọ́n ní kò sówó ẹ̀rọ ìsunkòkò. Igi àti koríko ni àwọn ìyá amọ̀kòkò Dada ní Ìlọrin fi ń sun tiwọn ní gbangba. Wọ́n ní aṣọ á dọ̀tí. Ọṣẹ wà. Wọ́n ní tíṣà kò mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n pe amọ̀kòkò àdúgbò, kí wọ́n sì sanwó fún un.

Èyí tó ń bí èèyàn nínú jù ni ohun tí iléèwé ń pè ní iṣẹ́ ọwọ́. Bí sáà bá ń parí, wọ́n á ní kí ọmọ mú ìgbálẹ̀ wá. Ìyá á rà á lọ́jà, tíṣà á gbà á, á fún ọmọ ní máàkì. Ọwọ́ ta ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀? Láti ọmọ ọdún mẹ́fà la ti ń kọ́ wọn pé owó ń ra máàkì, a tún wá ń káwọ́ lérí nítorí màgòmágó ìdánwò!

Kí ìjọba Kàdúná bẹ̀rẹ̀ láti Shika. Kí wọ́n bá yunifásítì sọ̀rọ̀, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ amọ̀ máa lọ sí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí máàkì iṣẹ́ ọwọ́ sì jẹ́ ti ohun tí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ mọ nìkan.