WÍWỌ̀N NI Ó ṢÁÁJÚ GÍGÉ

Aránṣọ tí ó gbọ́n kì í ti àlùmágàjí bọ aṣọ kí ó tó wọn ẹni tí yóò wọ̀ ọ́. Síbẹ̀, bí àrùn jẹjẹrẹ bá mú ará Festac tàbí ará Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, tí a sì rán an lọ sí LUTH ní Ìdí-Àràbà, níbi tí a ṣí ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ní ọdún 2019, àwọn ará ilé a máa kùn pé, "Ṣé àwòrán ni a wá yà ni, tàbí ìwòsàn?" Àṣìṣe ńlá ni èrò yìí.

Kò pẹ́ lẹ́yìn tí Röntgen ará Jámánì ṣàwárí ìtànṣán X-ray ní ọdún 1895 ni àwọn oníṣègùn mọ̀ pé ó lè pa jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n rí i pẹ̀lú pé ó ń ba ẹran ara tí ó dá ṣáṣá jẹ́. Ó dà bí iná tí àgbẹ̀ fi ń sun igbó: bí a kò bá kọ́kọ́ ro ẹ̀bá rẹ̀ yí ká, oko kòkó ẹni ni yóò jó.

Ìdí nìyí tí a fi ń ya àwòrán. A ó tẹ́ aláìsàn gẹ́gẹ́ bí yóò ti dùbúlẹ̀ ní ọjọ́ ìtọ́jú gan-an. Ẹ̀rọ CT, tí Hounsfield ará Gẹ̀ẹ́sì ṣe, tí a sì kọ́kọ́ fi wo orí aláìsàn ní ọdún 1971, yóò ya inú ara rẹ̀ ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, bí ìgbà tí a gé búrẹ́dì. Ibi kọ̀ọ̀kan nínú àwòrán náà ní nọ́ńbà tirẹ̀: ti omi ni 0, ti eegun ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ti ẹ̀dọ̀fóró, tí afẹ́fẹ́ kún inú rẹ̀, rẹlẹ̀ sí i. Láti inú àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí ni kọ̀ǹpútà ti ń ṣírò iye ìtànṣán tí ibi kọ̀ọ̀kan yóò fà mu. Dókítà yóò fa ìlà yí ibi àrùn ká, yóò sì fa ìlà yí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ká, kí a lè dá wọn sí.

Gray ni orúkọ òṣùwọ̀n náà. Fún jẹjẹrẹ ọmú, 50 Gray ni a ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́, tí a pín sí ìgbà 25. Ní òde òní, a ń fún ọ̀pọ̀ aláìsàn ní 40 ní ìgbà 15. Bí ìwọ̀n bá dín, àrùn lè padà. Bí ó bá lé, ó lè pa ọkàn lára.

Nítorí náà, kí aláìsàn má ṣe kánjú. Kí ó má ṣe fi kànìnkànìn bó àmì tí a fi sí ara rẹ̀, nítorí òun ni a fi ń tẹ́ ẹ sí ojú kan náà lójoojúmọ́. Kí ó má sì ṣe fi ìtọ́jú sílẹ̀ ní agbedeméjì nítorí pé ara rọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹrù yìí kì í ṣe ti aláìsàn nìkan. Owó ọkọ̀ láti Festac dé Ìdí-Àràbà, ní ọjọ́ 5 nínú ọ̀sẹ̀, kì í ṣe kékeré. Ó yẹ kí ẹgbẹ́ inú ìjọ dá a fún ẹni tí kò ní. Ó sì yẹ kí ìjọba kọ́ àwọn onímọ̀ ìṣírò ìtànṣán sí i, nítorí ẹ̀rọ tí kò ní ẹni tí yóò wọn agbára rẹ̀ dà bí ìbọn lọ́wọ́ afọ́jú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.