Ìpanu Ọjọ́ Ọdún: Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Fọwọ́ Kàn Án

  Oṣù kẹwàá rèé, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ọmọ yín wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà ni yóò sì máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ-ọmọ lórí fóònù pé àwọn fẹ́ ṣe Halloween. Alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ni wọ́n máa ń ṣe é, ìyẹn ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ Gbogbo Ènìyàn Mímọ́ àwọn onígbàgbọ́. Láti Ireland àti Scotland ni àṣà náà ti dé Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ yóò fi ìbòjú bojú, wọn yóò máa lọ láti ilé dé ilé, wọn yóò sì máa gba súìtì kún àpò. Àwọn ilé-ìwé aládàáni kan ní àwọn ìlú ńlá wa náà ti ń ṣe é.

N kò wá bá ẹnikẹ́ni jà lórí Halloween. Ohun tí mo fẹ́ kí a rántí ni pé ọmọ Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rí ẹni tó gbé ohun ńlá sórí lọ́jọ́ ọdún. Ní agbègbè Ekiti àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ ní ìpínlẹ̀ Kwara, láti Òsì dé Ìlọ́fà dé Odò-Ọwá, ilẹ̀ Ẹpa ni. Igi odidi ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ, òmíràn wúwo ju kílò 20 lọ, ẹni tó gbé e yóò sì fò gun òkìtì, kí gbogbo ìlú tó hó yèè. Àwọn ọmọdé a máa sáré tẹ̀ lé e, àkàrà tàbí ọ̀jọ̀jọ̀ a wà lọ́wọ́ wọn. Lọ́jọ́ ọdún, ọwọ́ ọmọdé kì í ṣófo.

Aréògún ará Òsì, tó kú ní ọdún 1954, wà lára àwọn àgbà tó gbẹ́ Ẹpa. Bámigbóyè náà ṣiṣẹ́ ní agbègbè Odò-Ọwá àti Kajọlà, òun sì ni ilé iṣẹ́ ọnà Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣe àfihàn iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún 2022. Bándélé, ọmọ Aréògún, di agbẹ́gilére bíi bàbá rẹ̀. Ní Ọ̀yẹ́-Ekiti, Bándélé yìí náà ló kọ́ Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá-Ọ̀ràngún, níṣẹ́. Ẹ ò rí i pé àtọwọ́dọ́wọ́ ni. A kì í fi ojú lásán kọ́ṣẹ́, a kì í sì í bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣẹ́ tó le jù.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ilé ìdáná rí. Ṣùgbọ́n kí la ń ṣe lónìí bí àwọn ọmọ bá ti Ìlọrin tàbí Èkó wálé ọdún? Bí wọ́n bá ti yọjú sí ìdí iná, a ó ní, "Ẹ jáde! Ẹ lọ ṣeré níta!" A ó wá fún wọn lówó kí wọ́n lọ ra bisikíìtì àti mínírà. Ọmọ yóò dàgbà, kò ní mọ̀ pé ẹ̀wà ló ń di mọ́ínmọ́ín.

Mo gbà pé ó yẹ ká bẹ̀rù iná. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mò ń dín ọ̀jọ̀jọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n pè mí níta. Mo fi agbada sílẹ̀ lórí iná, mo ní mò ń bọ̀ nísinsìnyí. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. Ó bu ewùrà rírin, ó sọ ọ́ sínú epo gbígbóná bí ẹni sọ òkúta sódò. Epo ta sí i lápá. Kí n tó dé, aládùúgbò kan ti mú ẹyin tútù wá, ẹlòmíràn mú ọṣẹ ìfọyín. Mo ní kí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ padà, mo fà á lọ sídìí omi. Àpá náà kò tóbi, ṣùgbọ́n mo máa ń rí i nígbàkígbà tó bá kí mi. Ọmọ náà kò ṣe àìgbọràn. Iṣẹ́ ló fẹ́ ṣe, èmi ni n kò fún un ní iṣẹ́ tó tọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìtọ́jú yìí ná, kí ẹ fi sọ́kàn. Bí epo tàbí omi gbígbóná bá ta sí ọmọ, ẹ yára bọ́ aṣọ àti ẹ̀gbà kúrò níbẹ̀, àfi èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ ara. Ẹ jẹ́ kí omi tútù tó mọ́ máa ṣàn lé ojú ibẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Bí kò bá sí omi ẹ̀rọ, ẹ máa fi ike bù ú dà sí i díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe omi yìnyín o. Ẹ má fi epo, ẹyin, oyin tàbí ọṣẹ ìfọyín sí i. Ẹ fi ọ̀rá tó mọ́ tàbí aṣọ mímọ́ bò ó, kí ẹ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn, pàápàá bí ó bá jẹ́ ojú, ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ló kàn, tàbí tí awọ ara bá lé ròrò.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ní òfin kan. Mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀ ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí ìdí iná. Ẹ̀yìn ìlà ni gbogbo ọmọdé ń wà, àgbàlagbà kan ṣoṣo ló ń wà níwájú, kò sì gbọdọ̀ fi iná sílẹ̀. Àmọ́ iṣẹ́ pọ̀ lẹ́yìn ìlà. Ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún lè ṣan ewé, kó bó ẹ̀wà. Ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́sàn-án lè po nǹkan pọ̀, kó mọ ọ́n, kó tò ó sínú àwo. Ẹni tó bá ti pé ọdún mẹ́wàá lè fi ọ̀bẹ kékeré gé àlùbọ́sà lójú yín. Kí gbogbo wọn fi ọṣẹ fọwọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ìpanu mẹ́ta rèé tí kò ní ṣúgà nínú, tí àwọn ọmọ lè bá yín ṣe.

Èkínní ni mọ́ínmọ́ín olójú. Ẹ rẹ agolo ẹ̀wà méjì sínú omi fún bí ogún ìṣẹ́jú, kí àwọn ọmọ bó o. Ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú tàtàṣé méjì, àlùbọ́sà kan àti ata rodo kan ṣoṣo nítorí àwọn ọmọdé. Ẹ fi ṣíbí òróró mẹ́ta àti iyọ̀ díẹ̀ sí i, kí ẹ fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ pò ó títí yóò fi dà bí ògì tó ki. Ẹ pọ́n ọn sínú ewé eéran ní kékeré-kékeré, kí ẹ sè é fún bíi wákàtí kan. Bí ó bá ti tutù, ẹ tú u sínú àwo, kí àwọn ọmọ ṣe ojú sí i: àlùbọ́sà rodorodo fún ẹyinjú, tàtàṣé fún ẹnu, ẹyin sísè fún fìlà. Ẹ má ní kí wọ́n ṣe ojú Ẹpa tàbí egúngún, ohun àwọn àgbà nìyẹn. Kí wọ́n ṣe ojú bàbá àgbà wọn nígbà tó bá ń bínú. Ọmọ tó máa ń ṣa àlùbọ́sà jáde nínú ọbẹ̀ yóò jẹ èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò.

Èkejì ni àádùn, kò sì nílò iná lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣe é. Ẹ ti yan àgbàdo gbígbẹ sílẹ̀ títí yóò fi pọ́n, kí ẹ lọ̀ ọ́ kúnná. Ẹ bu agolo méjì ìyẹ̀fun náà sínú abọ́, kí ẹ fi ata gígún àti iyọ̀ díẹ̀ sí i. Àwọn kan máa ń fi ṣúgà tàbí oyin sí i, àwa kò ní fi sí i lónìí. Ẹ máa da epo pupa sí i ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ máa fi ọwọ́ pò ó títí yóò fi ṣeé mọ. Ó lè mọ ọ́n bí ẹyẹ, bí ìjàpá, bó ṣe wù ú.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀jọ̀jọ̀. Ẹ bó ewùrà, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ rin ín. Ewùrà tútù máa ń yún èèyàn lọ́wọ́, nítorí náà ẹ fi epo díẹ̀ pa ọwọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Àgbàlagbà ni kó rin ín, kí ìka ọmọ má baà gé. Kí ọmọ po ata, àlùbọ́sà àti iyọ̀ mọ́ ọn. Ẹ kò nílò omi rárá. Àgbàlagbà níwájú ìlà ni yóò máa fi ṣíbí bù ú sínú epo gbígbóná ní kékeré-kékeré. Kí àwọn ọmọ máa kà á bó ṣe ń jáde, kí wọ́n fi ìwé pélébé fa epo ara rẹ̀. Epo tó bá ti dúdú, tó sì ń hó, ẹ má fi dín nǹkan mọ́.

Ó ku ìkìlọ̀ mẹ́ta. Ìkínní, ẹ̀yin àgbà tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ má jẹ́ kí ìpanu tàn yín. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn ò ju ṣíbí tíì kan lọ, nínú gbogbo oúnjẹ àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́. Iyọ̀ wà nínú Maggi náà. Ẹni tó bá ti fi Maggi sí i, kó dín iyọ̀ kù.

Ìkejì, ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní odidi ẹ̀pà tàbí gúgúrú. Ó lè há a lọ́fun. Ẹ jẹ́ kí gbogbo ọmọ jókòó jẹun, kí wọ́n má sáré tẹ̀ lé eégún pẹ̀lú ìpanu lẹ́nu.

Ìkẹta, ẹ ṣa àgbàdo àti ẹ̀pà yín dáadáa. Èyí tó bá ti bu, tí nǹkan funfun tàbí nǹkan aláwọ̀ ewé ti hù sí i lára, ẹ dà á nù. Oró kan ń bẹ nínú rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní aflatoxin, iná ìdáná kò lè pa á. Ní ọdún 2004, ó pa èèyàn 125 ní orílẹ̀-èdè Kenya, àgbàdo ni wọ́n jẹ.

Ọmọ-ọmọ mi tí mo sọ ìtàn rẹ̀ ti di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án báyìí. Nígbà tó wálé ọdún kẹ́yìn, òun ló fa ìlà ṣọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀. Ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń po ewùrà, ó sì ń jágbe mọ́ àwọn àbúrò rẹ̀ pé, "Ẹ sún sẹ́yìn! Ṣé ẹ ò rí apá mi ni?" N kò ní láti sọ ohunkóhun.

Yálà Halloween ni wọ́n ń ṣe lọ́dọ̀ yín o, tàbí ọdún ìlú, tàbí Kérésìmesì, tàbí Iléyá, ẹ pe àwọn ọmọ wọlé. Ẹ wá iṣẹ́ fún wọn kí wọ́n tó wá a fúnra wọn. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Ire o.