Ìjáde Ìdílé Lákòókò Ìsinmi Gígùn

Ẹ̀yin òbí, àwọn ọmọ ti wà nílé, ilé-ìwé kò sì ní ṣí títí di oṣù kẹsàn-án. Ìyá tí ó ní ọmọ mẹ́rin nínú yàrá méjì mọ ohun tí a ń sọ.

Ọ̀pọ̀ ìdílé rò pé oṣù kẹjọ kò dára fún ìjáde nítorí òtútù. Lóòótọ́, láti oṣù keje dé oṣù kẹsàn-án, omi tútù máa ń ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun lẹ́bàá ilẹ̀ wa; òun ni ó ń mú kí afẹ́fẹ́ tutù, òun náà ni ó sì ń dá òjò dúró díẹ̀. Àwọn ìbátan wa tí wọ́n ń bọ̀ láti Paris máa ń fi wá rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá rí wa nínú súwẹ́tà. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Lójú tiwa, oòrùn tí kò mú yìí gan-an ni ó yẹ ọmọdé àti arúgbó láti fi rìn.

Òkun ni gbogbo ọmọ Avépozo kọ́kọ́ máa ń dárúkọ, nítorí pé ẹ̀yìnkùlé wa ni ó wà. Níbí ni kí ẹ ti gbọ́ wa dáadáa. Ní àwọn oṣù wọ̀nyí, ìgbì máa ń ga. Omi tí ìgbì dà sí etíkun gbọ́dọ̀ padà, ó sì máa ń kóra jọ sí ojú kan, kí ó máa ṣàn padà bí odò. Ojú ibẹ̀ lè dà bí ẹni pé ó rọ̀ ju ibi yòókù lọ, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọ máa ń yàn. Ẹni tí omi náà bá gbé kò gbọ́dọ̀ bá a jà láti padà tààrà: kí ó lúwẹ̀ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ títí yóò fi bọ́, kí ó tó yí sí ilẹ̀. Àgbàlagbà tí kò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ kò gbọ́dọ̀ bẹ́ tẹ̀ lé ọmọ. Kí ó ju kẹ́ẹ̀gì òfìfo sí i, kí ó sì ké pe àwọn apẹja. A kì í rán ọmọ ọdún mẹ́wàá pé kí ó lọ ṣọ́ àbúrò rẹ̀ létí òkun. Iṣẹ́ àgbà ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù lórí yanrìn, kí wọ́n wo bí wọ́n ti ń fa àwọ̀n ńlá wọlé.

Bí ẹ bá ní kí a yan ibi kan ṣoṣo, Agbodrafo àti Togoville ni. Ọkọ̀ kò ní rìn tó wákàtí kan kí ẹ tó dé Agbodrafo, tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Porto-Seguro. Ilé ẹrú kan wà níbẹ̀, Wood Home, tí àjà ilẹ̀ rẹ̀ kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí àgbàlagbà kò lè nàró nínú rẹ̀. Ẹ mú àwọn ọmọ tí ó ti lóye débẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé àwọn Yorùbá pọ̀ nínú àwọn tí a tà ní etíkun wọ̀nyí. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá adágún sí Togoville. Ẹ dúnàá dúrà kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ béèrè aṣọ tí ń gbé ènìyàn léfòó, kí ẹ má sì jẹ́ kí awakọ̀ kó èrò jù. Orúkọ ìlú kékeré yìí ni àwọn Jámánì fi sọ gbogbo ilẹ̀ náà lẹ́yìn àdéhùn ọjọ́ 5 oṣù keje ọdún 1884. Ibẹ̀ náà ni Póòpù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì wá ní oṣù kẹjọ ọdún 1985, sí ibi mímọ́ Ìyá Wa ti Adágún Togo.

Ẹ má ra oúnjẹ lójú ọ̀nà bí owó kò bá tó: ẹ di ẹ̀kọ, ẹja díndín àti omi mímu dání, pẹ̀lú aṣọ òtútù fún ọmọ ọwọ́, nítorí afẹ́fẹ́ adágún kò mọ ọmọ ẹnìkan.

Ní ti baba tí ó ń sọ pé òun kò ráyè, ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ jẹ́ ọjọ́ ìsinmi ní gbogbo ilẹ̀ Togo. Lẹ́yìn Mísà Ìgbàsókè Màríà, kí ó bọ́ kóòtù, kí ó gbé èyí tí ó kéré jù lé èjìká, kí wọ́n máa lọ.